Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Kíláàsì Àwọn Ọmọdé

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Mushin ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ọmọdé kan tí ó ń wọ́ mọ́tò agolo kọjá lórí iyanrìn. Agolo wàrà ni ara mọ́tò náà. Ìdérí ìgò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọmọ náà fi ń fà á. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe é. Ó wo bọ́ọ̀sì tí ń kọjá ní ojú títì, ó wá agolo, ó fi òkúta lu ìṣó, ó dán an wò, ó bàjẹ́, ó sì tún un ṣe. Ọmọ yìí kan náà ni yóò jókòó sí kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí olùkọ́ yóò ya ilé kan sí ara pátákó, tí yóò sì pàṣẹ pé kí gbogbo wọn ya irú rẹ̀ gan-an: ilé olójú fèrèsé méjì, òrùlé onígun mẹ́ta, àti ihò èéfín lórí òrùlé, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń kọ́ nítorí òtútù, tí ènìyàn lè rin Mushin já láìrí ẹyọ kan. Ogójì ọmọ ni yóò ya ogójì ilé, kò sì ní sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jọ ilé tí ẹni tí ó yà á ń gbé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹta. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé kò kàn yín mọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ni yóò di olùkọ́ lọ́la, àwọn tí kò sì ní ṣe olùkọ́ kò ní ṣàìní àbúrò tàbí ọmọ tí yóò mú bébà wá fún wọn pé, “Ẹ wo ohun tí mo yà.” Ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí yóò sọ ní ọjọ́ náà.

Kí á tó dé orí ohun tí ọmọdé lè ṣe, ẹ jẹ́ kí á mọ bí iṣẹ́ ọnà ṣe wọ inú ilé-ìwé ní Èkó, nítorí pé àríyànjiyàn kan wà nínú ìtàn náà tí kò tíì tán títí di òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn òyìnbó kan gbà pé ènìyàn dúdú kò ní ẹ̀bùn láti ya ojú ènìyàn bí ó ti rí. Olóyè Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé-ìwé ni ó ti ń wo àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó, tí ó sì ń fi wọ́n kọ́ ara rẹ̀. Ó ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ó ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ṣẹ́ ní St John's Wood Art School, ó sì padà dé ní 1922 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí èkejì, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà. King's College wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni CMS Grammar School, èyí tí ó kó wá sí Bariga ní 1959. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ní Mr. Perspective, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń tẹnu mọ́ bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú, àti bí irin méjèèjì ojú ọ̀nà rélùwéè ti ń dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pàdé lọ́ọ̀ọ́kán, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní pàdé láéláé.

Olóyè Onabolu rí i pé òun nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó rọ ìjọba kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá ràn án lọ́wọ́, ní 1927 sì ni òyìnbó kan tí ń jẹ́ Kenneth Murray dé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọ ilẹ̀ wa ń fẹ́ kí a kọ́ ọmọ ní ọ̀nà tí àwọn òyìnbó fi ń yàwòrán. Òyìnbó tí ó pè wá ní tirẹ̀ ń sọ pé kí á fi ọ̀nà òyìnbó sílẹ̀, kí ọmọ kọ́ṣẹ́ amọ̀, kí ó kọ́ igi gbígbẹ́, kí ó sì máa ya ìgbésí ayé ìlú tirẹ̀. Ní 1937, Murray kó iṣẹ́ márùn-ún nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ hàn ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ben Enwonwu, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé lẹ́yìn náà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Ní tèmi o, n kò lè dá Olóyè Onabolu lẹ́bi. Ẹni tí a bá sọ fún pé kò lè ṣe nǹkan, ohun náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ ṣe kí ó tó wá sọ̀rọ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí Olóyè ń kọ́ jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, irú yín. Ọmọ ọdún mẹ́fà yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ya ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí ó mọ̀ ni ó ń yà. Bí ó bá ya ìyá rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ìyá yóò ga ju ilé lọ, nítorí pé lójú ọmọ náà ìyá tóbi ju ilé lọ. Bí ó bá ya ìkòkò lórí iná, a ó máa rí ẹ̀wà inú rẹ̀ láti ìta, bí ẹni pé dígí ni wọ́n fi mọ ìkòkò náà. Àgbàlagbà a sì máa rẹ́rìn-ín. Kí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lọ wo ère ìbejì dáadáa. Orí ère náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gíga rẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí orí ènìyàn gidi tí ó ti dàgbà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Agbẹ́gilére kò ṣàìmọ bí orí ti tó. Ó mọ ohun tí orí jẹ́ fún ọmọ Yorùbá, ó sì fún un ní àyè tí ó tọ́ sí i.

Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré kò ju pé kí ó fún wọn ní ohun tí wọn yóò wò àti ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe, kí ó má sì ya ìkankan sí ara pátákó fún wọn láti dà kọ. Èyí rọrùn ní ẹnu. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà lé ní 800,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Mushin wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kò sì bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó títí di 1967. Nígbà tí kíláàsì bá kún bí odò, ta ni yóò rí kíréyọ̀nù àti búrọ́ọ̀ṣì rà fún gbogbo ọmọ? Olùkọ́ tí ó bá ń dúró de kíréyọ̀nù kò ní kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láéláé. Ohun tí ó wà ní àyíká ni kí ó lò.

Ẹ jẹ́ kí á mú ilá. Ilá tí ó ti kó, tí kò ṣeé sè mọ́, ni ó dára jù, nítorí pé ó le. Ìyá ọlọ́jà tí ń da irú rẹ̀ nù kì í sábà gba owó lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé tí ó bá tọrọ rẹ̀. Olùkọ́ ni yóò mú ọ̀bẹ, kì í ṣe ọmọ. Kí ó gé ilá náà ní ìbú, kí ó má là á ní òòró. Ojú tí yóò hàn dà bí ìràwọ̀, ihò márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò sì yí àárín rẹ̀ ká. Kí á fi àkísà nù ún gbẹ, nítorí pé àwọ̀ kì í dúró lórí ohun tí ń yọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí á tẹ́ àkísà mìíràn sínú ìdérí agolo, kí á da àwọ̀ lé e lórí. Osùn tí a pò mọ́ omi ẹ̀kọ díẹ̀ yóò fún wa ní pupa. Èédú tí a lọ̀ kúnná yóò fún wa ní dúdú. Aró sì wà. Ọmọ yóò ti ojú ilá bọ inú àwọ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, yóò sì gbé e kúrò ní gbọnrangandan láìfà á. Ìràwọ̀ kan yóò kù sílẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí á jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tí ó bá wù wọ́n. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ títí bébà yóò fi di ẹrẹ̀, kò burú. Ní ọjọ́ kejì, kí á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìlà. Ní ọjọ́ kẹta, kí ilá kan tẹ̀lé ewé kan, kí ewé kan tẹ̀lé ilá kan. Bí ọmọ náà bá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Tejúoṣó ní Yaba lẹ́yìn èyí, ojú rẹ̀ yóò là sí aṣọ àǹkárá. Yóò rí i pé òdòdó kan ṣoṣo ni wọ́n yà, tí wọ́n sì ń tún un tẹ̀ láti etí aṣọ dé etí kejì. Mo mọ ọmọbìnrin kékeré kan tí ó dá ìyá rẹ̀ dúró ní ìsọ̀ aláṣọ, tí ó ń wá ibi tí òdòdó náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilá tí a fi ń tẹ bébà yìí jẹ́ àbúrò iṣẹ́ ńlá kan. Ní Papa Ajao, ní Mushin yìí kan náà, ni Bruce Onobrakpeya kọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí, ẹni tí a bí ní Agbarha-Otor ní 1932, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní St Gregory's College ní Èkó ní 1963. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó gbẹ́ àwòrán sí ara àwo irin tàbí lìnólíọ̀mù, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ní 1967, ásíìdì jẹ àwọn àwo rẹ̀ kan kọjá bí ó ti fẹ́. Ẹlòmíràn ì bá kó wọn dànù. Òun fi gọ́ọ̀mù líle dí ibi tí ó ti bàjẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ó sì rí i pé àwòrán tí ó jáde ní ìjìnlẹ̀ tí òun kò rí rí. Láti inú ìjàǹbá yìí ni ó ti rí ọ̀nà tuntun tí a fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Bí ọwọ́ ọmọ bá yẹ̀, tí ilá fà lórí bébà, kí olùkọ́ má ya bébà náà. Kí ó bi ọmọ léèrè ohun tí ibi tí ó fà náà jọ.

Iṣẹ́ kejì tí mo fẹ́ràn ni àdìrẹ oníkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ti bá mi fa ọ̀rọ̀. A ó wá téérù funfun díẹ̀, a ó gé e kéékèèké fún àwọn ọmọ. A ó fún wọn ní èso àgbàdo àti òkúta wẹ́wẹ́. Ọmọ yóò fi èso kan sí abẹ́ aṣọ, yóò ká aṣọ mọ́ ọn, yóò sì fi ìkọ tàbí òwú dì í le dáadáa. Ibi tí okùn bá ti mú aṣọ ni aró kò ní lè wọ̀. Nígbà tí a bá tú u, òbìrípo funfun ni a ó rí níbẹ̀, kékeré fún àgbàdo, ńlá fún òkúta. Báyìí ni àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Oṣùbàmbá, èyí tí àmì ńlá inú rẹ̀ dúró fún òṣùpá. Nínú ìkòkò aró gidi, tí a fi ewé èlú ṣe, aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni yóò ní. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa di aró lójú gbogbo ènìyàn. Mo ti rí kíláàsì tí ń pariwo tẹ́lẹ̀ tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláró òde òní ń lo kọ́síkì, kọ́síkì sì ń jó ọwọ́. Àgbàlagbà nìkan ni kí ó súnmọ́ ìkòkò náà. Kí ọmọ dì í, kí ó sì tú u nígbà tí a bá ti fi omi ṣàn án dáadáa.

Èmi kò kíyè sára tó ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dán an wò. Aró ta sí aṣọ ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọ̀kan nínú wọn gbé aṣọ náà dé, ó kí mi tẹ̀rù-tẹ̀rù, ó sì ní, “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí mi. Ìwé ni mo ní kí ọmọ mi wá kà. N kò rán an pé kí ó wá di aláró.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jókòó ná.” Mo pe ọmọ náà, mo bi í pé èso mélòó ni ó dì. Ó ní mẹ́rìnlélógún. Mo ní ìlà mélòó? Ó ní mẹ́rin. Mélòó ní ìlà kan? Ó ní mẹ́fà. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ó ti jàre ẹjọ́.

Ìyá náà wò mí, ó ní, “Kò burú, tíṣà. Ṣùgbọ́n ó lè kà á lórí síléètì láìba aṣọ jẹ́.”

Òdodo ni ó sọ. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìṣirò nìkan ni, síléètì tó. Èmi ni mo fi ìdí tí kò lágbára gbe iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé ojú ń tì mí láti sọ pé ó dára kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó lẹ́wà. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí aṣọ, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ wá, kí ó wọ̀ ọ́ lé aṣọ ilé-ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aró mú mi rántí ewúrẹ́ kan. Ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, mo bá ìwé ọmọ kíláàsì kejì kan pàdé, tí olùkọ́ rẹ̀ fi yíǹkì pupa fa ìlà méjì tí ó gbé ara wọn kọjá lé lórí, tí ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ewúrẹ́ kì í ní àwọ̀ aró. Mo wo àwòrán náà. Ewúrẹ́ ni lóòótọ́, ikùn rẹ̀ yọ bí ti ewúrẹ́ tí ó lóyún, ó ń jẹ èèpo iṣu, ojú rẹ̀ sì kún fún olè. Mo bi ọmọ náà léèrè ìdí tí ó fi kùn ún ní aró. Ó dá mi lóhùn pé, “Alẹ́ ni, sà. Iná ti lọ.”

Kò sí ohun tí mo lè sọ. Yusuf Grillo, tí ó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, tí ó sì papò dà ní 2021, fẹ́ràn aró ju gbogbo àwọ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, aró ni gèlè, aró ni bùbá, ojú àti ọwọ́ ènìyàn pẹ̀lú sì kún fún aró. Àwọn ènìyàn ń ná owó ńlá láti gbé e kọ́ sí ara ògiri wọn, kò sì sí ẹni tí ó fi yíǹkì pupa fa ìlà lé e lórí. Láti ilé-ìwé tí mo ń sọ yìí dé Yaba, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Iṣẹ́ amọ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé kò sí ọmọ tí a ń kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ kan amọ̀. Ní Surulere, níbi tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé sí láti nǹkan bí 1955 fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní àárín Erékùṣù Èkó, àti ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ènìyàn lè rí amọ̀ bù. Kí á ṣa òkúta inú rẹ̀, kí á pò ó títí yóò fi rọ̀, kí iṣẹ́ tí ọmọ bá mọ sì gbẹ ní abẹ́ ìbòòji. Bí ó bá gbẹ ní oòrùn, yóò sán. Fún ọmọ kékeré, kò pọn dandan kí á sun ún. Kí olùkọ́ sì sọ fún wọn pé ní 1910, nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, ẹwà wọn yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wá orísun wọn lọ sí Atlantis, ìlú inú àlọ́ àwọn Gíríìkì, dípò kí ó gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tí ó bá ní Ifẹ̀ ni ó mọ wọ́n. Àwọn ọmọ a máa rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Ní ìparí táàmù, a ta okùn láti ògiri kan dé èkejì nínú kíláàsì, a sì fi ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ há gbogbo iṣẹ́ náà mọ́ ọn: bébà onílá, ewúrẹ́ tí mo tọrọ lọ́wọ́ ọmọ tí ó yà á, àti àwọn àdìrẹ. A to mọ́tò agolo sí ojú fèrèsé. Àwọn òbí wá. Ìyá ọ̀rọ̀ aṣọ náà wá pẹ̀lú; kò bá mi sọ ohunkóhun ju pé ó kí mi. Ó rìn lọ sí abẹ́ okùn, ó wo àdìrẹ kan sí òmíràn títí ó fi bá ti ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan òbìrípo funfun kan, ó sì yíjú sí i.

Ó ní, “Èyí ńkọ́? Ti àgbàdo ni tàbí ti òkúta?”

Ọmọ náà fà á lọ́wọ́ súnmọ́ aṣọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi wọ́n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìlà àkọ́kọ́.